Yàrá Tí Caroline Tọrọ Lọ́wọ́ Káńsù

Ẹnu mi ló fà á. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn láti ẹnu èmi Barnabas fúnra mi, kí ẹlòmíràn tó gbé e wá bá yín. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní káńsù wa. Mo kọ ìwé ìbí, mo kọ ìwé ikú, mo kọ láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ títí ọwọ́ mi fi ń dùn mí. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣì kọ, kò sí èyí tó dùn mí tó ohun tí mo fi ẹnu sọ ní ọdún 1978, tí n kò kọ sílẹ̀ rárá. Èyí tó ń bí mi nínú jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí mo ń ṣe é, mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mo ń hù.

Caroline ni orúkọ obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àyìnkẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé wọn, ní Ilé Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Gígùn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní ìlú kékeré tí a wà yìí láàárín Esie àti Òmù-Àrán. Kíláàsì kan ni mo fi ṣáájú rẹ̀ ní ilé ìwé mísọ̀n. Ní ọjọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira, òun ni wọ́n gbé àsíá bébà lé lọ́wọ́ láti ṣáájú wa lọ sí pápá, nítorí pé òun ló ga jù, ojú kì í sì í tì í. Bí olùkọ́ bá ní kí gbogbo wa dákẹ́, a ó dákẹ́. Caroline á béèrè pé kí la ṣe. Inú máa ń tètè bí i, inú náà sì máa ń tètè rọ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn kí àìsàn kankan tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀, nítorí gbogbo ilé wọn ló gbàgbé.

Ó lọ́kọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọmọ méjì ló bí níbẹ̀, ibà kan náà ló sì mú àwọn méjèèjì lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí èkejì, oorun kúrò lójú rẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn wọn nínú kànga. Títí dé ibẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn ń bá a sunkún. Ọjọ́ tí ó jáde sí ọjà láìwọ aṣọ ni àánú tán lójú wọn. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n dá a padà bí ẹni dá ọjà tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn padà. Ọdún 1968 ni, ọdún kejì tí wọ́n ya ìpínlẹ̀ wa sọ́tọ̀. Gbogbo ìlú ṣì ń fi Kwara ṣe fáàrí, ṣùgbọ́n ìyá Caroline kò ráyè fáàrí. Ẹni tí yóò wo ọmọ òun sàn ló ń wá.

Abẹ́òkúta ló gbé e lọ, sí Arò. Èmi rò pé wọn yóò tì í mọ́lé ni. Wọn kò tì í. Nígbà náà, àwọn dókítà ibẹ̀ máa ń fi aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ẹbí rẹ̀ kan á sì tẹ̀ lé e láti máa dáná fún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á lọ gba oògùn, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sí yàrá wọn. Oṣù mẹ́sàn-án ni ìyá àti ọmọ lò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni Caroline sọ ohun kan fún mi nípa abúlé yẹn.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “mo bá ìyá onílé jà lórí ìkòkò omi. Ìjà gidi ni. Ó pariwo, mo pariwo. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó bu ọbẹ̀ fún mi. Kò sẹ́ni tó wá okùn.”

Nígbà tí ó padà wálé, ara rẹ̀ ti yá. Ó gbé òfì rẹ̀ ti ara ògiri, ó ń hun kíjìpá bí àwọn ìyá wa ti ń hun ún, àwọn ará Òró sì ń wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Helen tó wà ní dìsípẹ́ńsárì ló ń fún un ní oògùn rẹ̀ lóṣooṣù, ó sì ní káàdì kan tí ó ń kọ bí ara rẹ̀ ti rí sí. Bí ẹ bá wo káàdì yẹn, ẹ ó rí i pé ọdún mẹ́sàn-án gbáko kọjá tí àìsàn náà kò padà wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọdún tí ìyá rẹ̀ kú, òun fúnra rẹ̀ ló sì rìn lọ bá Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ náà pé, “Sista, oorun ti ń sá fún mi o.”

Ẹ má rò pé àwọn ará ilé rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó kórìíra èèyàn á fi í sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò fi í sílẹ̀ rí. Wọ́n kó ọ̀bẹ pamọ́. Bí ó bá ń lọ sí odò, ìyàwó ilé kan á rántí pé òun náà fẹ́ pọnmi. Bí ó bá rẹ́rìn-ín pẹ́, ẹnì kan á wojú ẹnì kejì. Bí ó bá dákẹ́ pẹ́, wọ́n á ní kí ẹnì kan lọ yọjú wò ó. Bí ó bá wá bínú, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n so ó. Èkíní, ewúrẹ́ àbúrò rẹ̀, Sámúẹ́lì, wọlé jẹ òwú tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ran. Caroline lé ewúrẹ́ náà jáde, ó sì lé Sámúẹ́lì tẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, okùn ti wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Èkejì, níbi ìkómọ, ìyàwó ilé kan ní kí wọ́n má gbé ọmọ fún un, pé ọmọ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó da àwo ìrẹsì nù, ó bú obìnrin náà bú u. Ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní bú u? Wọ́n so ó mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lára, wọ́n ń sunkún. Nọ́ọ̀sì Helen ló wá tú u. Sámúẹ́lì, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ó ta kókó okùn náà, òun náà ló sì sunkún jù.

Ní ọdún 1978 ni káńsù kọ́ yàrá mẹ́wàá sẹ́yìn dìsípẹ́ńsárì. Wọ́n ní ti àwọn opó ni, àti aláàbọ̀ ara, àti ẹni tí àìsàn ti sọ di aláìníbùgbé. Nọ́ọ̀sì yóò máa yọjú sí wọn. Ọjọ́ kẹta tí ìwé rẹ̀ dé ọ́fíìsì ni Caroline wọlé wá bá mi, ó wọ bàtà, ó ti di gèlè rẹ̀ dáadáa. Ó ní kí n bá òun kọ fọ́ọ̀mù.

Orúkọ, mo kọ ọ́. Ọjọ́ orí, mo kọ ọ́. Iṣẹ́, ahunṣọ. Àìsàn, ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, àìsàn ọpọlọ, kí n má fi nǹkan kan bò ó. Nígbà tí a dé ìbéèrè keje, mo kà á fún un: Ǹjẹ́ o ní ilé baba ní ìlú yìí?

“Ẹ kọ rárá,” ó ní.

Mo gbé bírò sílẹ̀. “Caroline, bí mo bá sọ òkúta láti ojú fèrèsé yìí, orí páànù ilé baba rẹ ni yóò bà.”

“Kí ló wà nísàlẹ̀ ìbéèrè náà? Ẹ kà á fún mi.”

Mo kà á. Ó ní ẹni tó bá nílé baba kò lẹ́tọ̀ọ́ sí yàrá náà, àfi bí olórí ẹbí rẹ̀ bá tẹ̀ka sí i pé àwọn kò lè tọ́jú rẹ̀.

“Ṣé Baba Ọlábọ̀dé á tẹ̀ka sí ìyẹn láéláé?” Caroline bi mí. Baba Ọlábọ̀dé ni baálé ilé wọn, àbúrò baba rẹ̀. Àwa méjèèjì mọ ìdáhùn rẹ̀. Ní ayé àwọn baba wa, ẹrú nìkan ni kì í nílé baba. Kí àgbà Ìgbómìnà tẹ̀ka sí ìwé ìjọba pé òun kò lè tọ́jú ọmọ òun, ó yá a lára kí ó gé àtàńpàkò náà sọnù.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, “n ò bèèrè ààfin. Mo fẹ́ ilẹ̀kùn kan tí n ó tì, ògiri kan tí n ó gbé òfì mi tì, kí n sì lè bínú bí èèyàn bá ṣẹ̀ mí, láìjẹ́ pé wọ́n so mí. Bí wọ́n bá so mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo mọ ara mi, n ò ní padà bọ̀ sípò. Ẹ kọ rárá. Kí ó sì wà láàárín wa.”

Mo kọ rárá. Mo sì ṣèlérí.

Ẹ wá wo ìwà òpònú. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí a ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo yà kí Baba Ọlábọ̀dé lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: èèyàn kì í gba ọmọ onílé sọ́wọ́ kí ó má wí fún àgbà ilé. Ọ̀rọ̀ “láàárín wa” tí Caroline sọ, lójú tèmi, kò kan baálé. Ṣé àlejò ni baálé? Mo rò pé bí mo bá fi ohùn tútù bá a sọ ọ́, yóò yé e, yóò sì súre fún un. Mo sọ fún un pé Àyìnkẹ́ ti tọrọ yàrá lọ́wọ́ káńsù. Baba, tó ti gbọ́ òfin yàrá náà, bi mí pé kí ló kọ sí ìbéèrè ilé baba. Mo ti sọ̀rọ̀ jù kí n tó lè parọ́.

Kò bínú. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. “Án ti sọ wá di kí ni, Barnabas?” ó ní. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò nílé?”

Láti ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ilé Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Gígùn. Sámúẹ́lì kó kúrò nínú yàrá rẹ̀ tó dára jù, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọ́n ra ibùsùn tuntun sí i. Àwọn ìyàwó ilé kùn ún ní funfun. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí bí mo ti ń rí i. Caroline gba iwájú ọ́fíìsì mi kọjá ní ọjọ́ kẹrin, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹnu yín.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹwàá ni wọ́n ṣe ìpàdé àtipín yàrá náà. Abdulkadir, Sẹ́kítírì káńsù, ló jókòó lórí àga. Ará Bàbáńlá ni, ọkùnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, tí kò mọ ilé ẹnì kankan ní ìlú wa, tí kò sì jẹ obì ẹnì kankan. Nọ́ọ̀sì Helen wà lápá ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú káàdì rẹ̀, èmi wà lápá òsì pẹ̀lú ìwé. Yàrá mẹ́sàn-án ti rí onílé kí ó tó kan Caroline. Ẹyọ kan ló kù.

Ó wọlé, ó wọ ìró kíjìpá tí ó hun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ilé Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Gígùn wọlé. Wọ́n tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nínú aṣọ àtàtà, Baba Ọlábọ̀dé níwájú pẹ̀lú obì lọ́wọ́. Àwọn àga kò kárí. Sámúẹ́lì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé báàgì ráfíà kan dání. Mo wo báàgì náà, mo rí orí okùn tó yọ jáde níbẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i pé Caroline ti rí i ṣáájú mi.

Baba sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ó ní àwọn wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjọba. Ó ní ọmọ àwọn kì í ṣe aláìnílé, àìsàn ló kọ ohun tó kọ. “Yàrá rẹ̀ nìyí,” ó ní, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. “A ti rẹ́ ẹ, a ti kùn ún. Ẹ fi yàrá káńsù fún ẹni tí kò léèyàn. Èyí léèyàn.”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ kan sáárá sí i. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà á kan sáárá. Sẹ́kítírì yíjú sí Caroline pé kí ni ó rí sọ.

Ẹ wo pàkúté tí mo dẹ fún un. Bí ó bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ta ni yóò fi ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ borí àgbà tó mú obì àti kọ́kọ́rọ́ wá? Bí ó bá sì sọ ọ́ bó ṣe ń dùn ún, wọ́n á ní ó ti bẹ̀rẹ̀, Sámúẹ́lì á sì sọ̀kalẹ̀ wá láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ojú wà lára ọwọ́ Caroline. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan rẹ̀, ó ń mí.

Ó dìde.

“Sẹ́kítírì,” ó ní, “inú ń bí mi. Mo fẹ́ bínú nísinsìnyí, mo sì ń wí fún yín tẹ́lẹ̀. Ara mi yá, mo lo oògùn mi láàárọ̀, mo sùn lóru àná. Ẹ̀gbọ́n Barnabas, ẹ wo aago ara ògiri yẹn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Mo kọ ọ́.

Ó sì bínú. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ó gba ìta. Ó dárúkọ òwú ọ̀sẹ̀ méjì, ó dárúkọ ewúrẹ́. Ó dárúkọ obìnrin ìkómọ náà, tí ó jókòó síbẹ̀ nínú léèsì. Ó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, orúkọ tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kú. “Mo lé àbúrò mi jáde nítorí òwú, ẹ so mí bí ẹran! Ìyàwó Làmọ̀di lu ọkọ rẹ̀ lójú ọjà, ẹ rẹ́rìn-ín! Ta ló so ó? Ta ló kó ọ̀bẹ rẹ̀ pamọ́?” Ó fi ọwọ́ lu tábìlì, kọ́kọ́rọ́ náà fò ṣubú sílẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ilé wọn dìde. Sámúẹ́lì ti ti ọwọ́ bọ báàgì. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn ń sọ pé, “Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀.” Nọ́ọ̀sì Helen rìn yí tábìlì ká, ó dúró síwájú Sámúẹ́lì, obìnrin kúkúrú tí kò ga dé èjìká rẹ̀.

“Jókòó, Sámúẹ́lì.”

“Sista, ẹ ò rí i ni?”

“Mo rí i. Jókòó sílẹ̀.”

Kò sí àga, nítorí náà ilẹ̀ ló jókòó sí. Sẹ́kítírì kò mira. Caroline sọ tirẹ̀ tán. Ó fi etí gèlè nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ náà nílẹ̀, ó sì dá a padà sórí tábìlì síwájú Baba. Ó jókòó. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

“Mo ti parí,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀. “Mo fẹ́ tún ìbéèrè keje ṣe. Irọ́ ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n kọ síbẹ̀. Mo nílé baba. N ò lè gbé e ni.”

Ó ti fi òtítọ́ gba yàrá náà lọ́wọ́ ara rẹ̀, torí bí ó bá ti nílé baba, àtàńpàkò Baba nìkan ló kù. Sẹ́kítírì mọ òfin náà ju gbogbo wa lọ. Ó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, ó fa igi lórí rárá, ó kọ bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Baba.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ọmọ yín ṣe tán yìí, ìbínú ni àbí àìsàn?”

Baba wo Caroline tó jókòó jẹ́jẹ́, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo Sámúẹ́lì tó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì láàárín ẹsẹ̀.

“Ká ní ilé la wà,” Sẹ́kítírì ní, “kí lẹ bá ti ṣe?”

“A bá ti so ó,” Baba ní. Kì í parọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn fún un.

Nọ́ọ̀sì Helen ka káàdì rẹ̀ sókè. Ọjọ́ ewúrẹ́: ara rẹ̀ yá, ó lo oògùn. Ọjọ́ ìkómọ: ara rẹ̀ yá, ó lo oògùn, egbò okùn ní ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọjọ́ tí àìsàn dé ní tòótọ́, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá: kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé.

Baba Ọlábọ̀dé di obì mú pinpin bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á.

“A ò mọ ìyàtọ̀, ọmọ mi,” ó ní. Sẹ́kítírì ló ń bá sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n Caroline ni ó ń wò. “Ọlọ́run gbọ́, a ò mọ̀ ọ́n. Bó bá ti pariwo báyìí, àyà mi á já, n ó ní kí án lọ mú okùn wá kó má baà tún jáde sí ọjà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Láti ọdún náà wá, ẹ̀rù ló ń bà mí.”

“Ṣé kí akọ̀wé kọ ìyẹn sílẹ̀?” Sẹ́kítírì bi í. “Pé ẹ ò mọ ìyàtọ̀, nítorí náà ẹ ò lè tọ́jú rẹ̀?”

Àgbàlagbà ilé kan ń mi orí sí i pé kí ó má ṣe é. Mo ti ṣí páàdì yíǹkì, n kò lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni.

“Kọ ọ́,” Baba ní. “Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, Barnabas, pé a ò lé e. Kọ ọ́ kí ó hàn.”

Kò sí àyè fún un lórí fọ́ọ̀mù, nítorí náà mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: Àwọn ará ilé rẹ̀ kò lé e. Baba tẹ àtàńpàkò sí abẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò. Caroline ń sunkún, kò sì sí ẹni tó sún mọ́ ọn.

Yàrá kẹwàá ni wọ́n fún un, èyí tó wà ní igun. Ó gbé òfì rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Sámúẹ́lì ló bá a rù ú.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà, bí mo ti jókòó ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Asisat wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Opó ni, yàrá kẹsàn-án ni tirẹ̀.

“Akọ̀wé, ẹ dìde! Ó ti bẹ̀rẹ̀ o! Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀!”

Mo sáré. Ọ̀nà ibẹ̀ gba iwájú Ilé Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Gígùn kọjá, Baba Ọlábọ̀dé sì jókòó sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ bí ó ti máa ń jókòó.

“Barnabas, kí ló ń lé ọ bọ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì fẹ́ kí àgbà kan bá mi gbé e. “Iṣẹ́ káńsù ni, Baba,” mo ní, mo sì kọjá.

Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó dé dìsípẹ́ńsárì. Ilẹ̀kùn yàrá kẹwàá ṣí sílẹ̀. Caroline dúró láàárín ilé, òwú pupa ká a lọ́rùn, òwú pupa wà nílẹ̀, ó ń ké, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ọkùnrin kan wà ní igun, ó fa ara rẹ̀ mọ́ ògiri. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. N ó sọ òtítọ́ fún yín: n kò mọ ìyàtọ̀. Èmi tí mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀, mo wò ó, mo wò ó, n kò mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì Helen ti lọ sí Ìlọrin lọ gba oògùn wá. Èmi nìkan ni.

“Caroline,” mo ní, “ṣé àìsàn ni, àbí ìbínú?”

Ó dákẹ́ wò mí. Ó wo ọwọ́ mi.

“Ìbínú ni, ẹ̀gbọ́n. Àwọ̀ òwú tí ọkùnrin yìí tà fún mi ń ṣí. Ó ti ba ìró mẹ́ta jẹ́ fún mi, ó sì ní òun ò ní gbà á padà.”

“Ó dáa,” mo ní. “Kú ìbínú.”

Ó yíjú padà sí ọkùnrin náà, ó sì ń bá a lọ láti ibi tí ó dúró sí. Mo fà sẹ́yìn, mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo ní kí Asisat lọ wá nǹkan ṣe.

Bí mo ti ń padà bọ̀, Baba Ọlábọ̀dé ti dìde lórí ìjókòó, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpó. Ohùn náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Barnabas, má tàn mí. Àyìnkẹ́ ni mò ń gbọ́ yẹn.”

“Òun ni, Baba. Inú ló ń bí i. Olówùú ló rẹ́ ẹ jẹ.”

“Báwo lo ṣe mọ̀ pé ìbínú ni?”

“Mo bi í léèrè.”

Baba wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ mi dáadáa. “O bi í léèrè?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Baba.”

Ó wá ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́, ó jókòó díẹ̀díẹ̀. Ohùn Caroline ṣì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn dìsípẹ́ńsárì, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀.

“A ò bi í léèrè rí,” ó ní.